Ọjọ́ Tí Òyìnbó Jókòó Ti Iyán Ìyá Bẹ́ẹ̀dì

Ẹnu mi mú. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì nílé ẹ̀kọ́ girama ní Arámọkọ, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ẹ máa bi léèrè tí kò ní sọ fún yín pé ẹnu ìyá yẹn mú ju abẹ lọ. N kò bá wọn jiyàn. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo ní ó tó gẹ́ẹ́, n ó máa sùn lọ́sàn-án bí àwọn ẹgbẹ́ mi. Oṣù mẹ́ta péré ni mo fi sùn. Nígbà tó máa di oṣù kẹrin, mo ti ń mú bírò pupa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń ṣàtúnṣe sí Gẹ̀ẹ́sì tí akọ̀wé ìjọ fi kọ ìwé ìkéde. Àlùfáà wa rọra pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá nǹkan ṣe."

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹnì kan tó kọ́ òtẹ́ẹ̀lì sójú ọ̀nà Erio ránṣẹ́ sí mi. Ìlú Èkó lòun fúnra rẹ̀ ń gbé. Ó ní àwọn àlejò tó ń wá wo omi gbígbóná àti omi tútù ní Ìkọ́gòsì máa ń sùn lọ́dọ̀ òun, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ òun kì í bá wọn sọ̀rọ̀. Bí àlejò bá béèrè nǹkan ní Gẹ̀ẹ́sì, wọn á kúnlẹ̀, wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á sì sá lọ. Ṣé mo lè bá òun kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì tó ń gbọ́ bùkátà? Kò tíì sọ ọ́ tán tí mo ti ní mo gbà.

Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nínú yàrá ìjẹun, la máa ń ṣe kíláàsì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, máníjà dìde dúró níwájú wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, kò tíì pé ogójì ọdún, tó máa ń so táì mọ́rùn nínú ooru bí ẹni tí wọ́n fi ṣépè fún. Ó ní, "Oṣù mẹ́ta ni a fún yín. Tó bá parí, n ó mú yín síwájú àlejò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá lè dá àlejò lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì á dúró. Ẹni tí kò bá lè ṣe é á máa lọ sílé." Kò fi ìkà sọ ọ́. Ó kàn sọ ọ́ bí ẹni tó ń kéde pé iná ò ní wá lónìí ni.

Nínú àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ẹnì kan ṣoṣo ni mo bẹ̀rù fún. Obìnrin Òkè-Ìmẹ̀sí kan ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Òun ló ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun ló ń fọ aṣọ orí rẹ̀, Ìyá Bẹ́ẹ̀dì sì ni gbogbo wọn ń pè é. Kíláàsì kẹrin ló ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Oko ló ń ṣe tẹ́lẹ̀, lórí òkè tó yí ìlú wọn ká, títí ó fi yọ̀ ṣubú pẹ̀lú ẹrù iṣu lórí, tí orúnkún rẹ̀ sì bàjẹ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà l'Ákùúrẹ́, ó ní kí ìyá òun wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, ṣùgbọ́n ìyá náà sọ fún mi lọ́jọ́ kejì tí a pàdé pé, "Tíṣà, bí mo bá lọ ulé ọmọ mi, n ó jókòó ti uyàwó rẹ̀ títí n ó fi kú ni. N ó máa gba àṣẹ kí n tó bu omi mu. Uṣẹ́ yìí nìkan ni mo ní." Nítorí náà, ẹ mọ ohun tó wà nílẹ̀ fún un. Èmi náà mọ̀ ọ́n.

Mo fi gírámà sílé. Mo kọ́ wọn ní ohun tí wọn á sọ bí omi ò bá yọ, bí táwẹ̀lì ò bá tó, bí àlejò bá gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sínú yàrá. Mo ń ṣe àlejò, wọ́n ń ṣe òṣìṣẹ́. Mo máa ń lágídí bí mo bá ń ṣe àlejò, ó sì máa ń dùn mọ́ mi. Máìgádì ò tíì sọ gbólóhùn kan parí tí mo fi pariwo mọ́ ọn pé èmi kì í ṣe adití. Ọmọbìnrin tó ń gba àlejò ní káńtà ń fi imú sọ Gẹ̀ẹ́sì nítorí inú fíìmù ló ti kọ́ ọ, mo sì fi ọ̀sẹ̀ méjì fa Gẹ̀ẹ́sì náà kúrò nímú rẹ̀ wá sẹ́nu.

Ìkíni ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ẹ mọ̀ wá, a kì í rí èèyàn kí á má kí i, ohun tí a bá bá a lẹ́nu rẹ̀ la sì fi ń kí i. Wọ́n ní kí ni àwọn á sọ fún àlejò tó jókòó. Mo ní ẹ kí i pé ẹ káàárọ̀ ni. Wọ́n ní rárá, èyí tó jókòó ni. Kí ni ti ẹni tó ń wẹ̀? Kí ni ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ irun? Mo ní Gẹ̀ẹ́sì ò kí ẹni tó gẹ irun. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń fi nǹkan pa mọ́ fún wọn. Ìyá Bẹ́ẹ̀dì ní, "Ṣé wọn á wá máa wo ara wọn lójú lásán ni?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀ kan ni Ìyá Bẹ́ẹ̀dì béèrè tirẹ̀. A ti parí, mo ti ń nu pátákó, takisí tó máa gbé mi padà sí Arámọkọ sì ti ń fọn fèrè níta. Ó ní, "Tíṣà, bí a bá ń jẹun tí àlejò kọjá, báwo la ó ṣe pè é?" N kò ronú rẹ̀ rárá. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ ọ́ sára pátákó: Please, sir, come and eat with us. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n kà á tẹ̀lé mi, mo sì gbé báàgì mi. Ìyá Bẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà. Mo gbọ́ pé ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ń pe máìgádì wá jẹun ní Gẹ̀ẹ́sì, bó ní oúnjẹ níwájú, bí kò ní.

Ẹyin lohùn. Èmi tí mo ń sọ ọ́ fún ọmọ iléèwé láti ọgbọ̀n ọdún wá ni mo jù ú sílẹ̀ tí mo sì wọ takisí.

Òyìnbó kan wà ní òtẹ́ẹ̀lì náà nígbà yẹn, bàbá àgbàlagbà tó wá wo òkúta àwọn òkè wa. Ó máa ń jáde láàárọ̀ pẹ̀lú òòlù kékeré, á sì padà ní ọ̀sán pẹ̀lú erùpẹ̀ lára bàtà. Á dá jókòó ní tábìlì kan nínú yàrá ìjẹun, á fi fọ́ọ̀kì gbá ìrẹsì kiri inú àwo. Obìnrin tó ń dáná níbẹ̀ ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi, torí n kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní òun àti Ìyá Bẹ́ẹ̀dì àti ọmọbìnrin kan tó ń bá wọn fọṣọ gún iyán, wọ́n gbé e kalẹ̀ lẹ́yìn ilé, lábẹ́ okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Abọ́ kan ṣoṣo ni. Òyìnbó yìí yọ láti ẹ̀gbẹ́ ilé, ó ń wá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó fún wọn fọ̀. Ìyá Bẹ́ẹ̀dì na ẹ̀yìn, ó gbé gbólóhùn náà jáde, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró gírígírí bó ṣe wà lára pátákó.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó yẹ kó tẹ̀lé e. Bí èèyàn wa bá bá ẹ lórí oúnjẹ, tí o sì pè é, á ní "Á gba ibi ire o," á sì kọjá lọ. Bí ebi bá tilẹ̀ ń pa á kú, ohun tó máa sọ nìyẹn. Pípè wà lọ́rùn ẹni tó ń jẹun, kíkọjá sì wà lọ́rùn ẹni tí wọ́n pè. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa, a bá a nílẹ̀ ni.

Òyìnbó dúró. Ó ní ó ṣeun. Ó yí báàfù kan dé, ó jókòó lé e, ó fọ ọwọ́ nínú omi wọn, ó sì na ọwọ́ sí iyán.

Obìnrin tó ń dáná ní òun rò pé òun ń lálàá. Ọmọbìnrin tó ń fọṣọ sá dìde. Ìyá Bẹ́ẹ̀dì nìkan ni kò mira. Ó rọra ti ẹran kan ṣoṣo tó wà nínú ọbẹ̀ sí iwájú bàbá náà, ó sì fi hàn án bí a ṣe ń fi àtàǹpàkò tẹ òkèlè kí ọbẹ̀ lè gbé e. Ibi tí òyìnbó ti ń tọ́ ọbẹ̀ lá lọ́wọ́, tí ó ń bú sẹ́rìn-ín, ni máníjà ti yọ.

Òfin ilé náà ni pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ bá àlejò jẹun, àlejò kò sì gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ òṣìṣẹ́. Ẹ̀rù ba máníjà ni, mo mọ̀ báyìí. Bí inú bá run òyìnbó yẹn, ta ni wọ́n máa bi? Ó dúró títí àlejò fi jẹun tán, ó bá a rẹ́rìn-ín, ó mú ṣẹ́ẹ̀tì fún un. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Ìyá Bẹ́ẹ̀dì, ó ní kó bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ kó máa lọ, òun á ránṣẹ́ sí i. Yorùbá ló fi sọ ọ́, òyìnbó ò sì gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Ó tilẹ̀ juwọ́ sí ìyá náà bó ṣe ń lọ.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Ọjọ́bọ̀. Mo dé kíláàsì, àga kan ṣófo. Nígbà tí wọ́n rò fún mi tán, máìgádì, tí mo ti pariwo mọ́ tó, wò mí tààrà, ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo bínú sí i. Mo ní ṣé èmi ni mo ní kó lọ gúnyán fún òyìnbó ni. Mo ní kí wọ́n ṣí ìwé wọn, mo sì kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ fún odindi wákàtí kan, nígbà tí a parí, mo kọjá níwájú ọ́fíìsì máníjà, iná ń tàn níbẹ̀, n kò wọlé. Mo ti pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà láti wá máa lọ sọ fún ọmọ tí mo lè bí pé mo ṣe àṣìṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí mo rò nìyẹn. Mo délé, mo se ẹ̀wà, mo sì gbé e tì. Ojú tì mí. Mo tún rántí pé mo mọ ohun tí iṣẹ́ yẹn jẹ́ fún un, ó ti sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ara rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo wọ takisí dé ìkóríta, mo sì gun ọ̀kadà wọ Òkè-Ìmẹ̀sí. Àwọn ọmọdé ló mú mi délé rẹ̀. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ, ìwé kíláàsì rẹ̀ sì wà ní ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó ṣe rí mi ló fẹ́ dìde láti kúnlẹ̀, mo dá a jókòó nítorí orúnkún rẹ̀. Kò béèrè ohun tí mo bá wá. Ó fi ìka sórí gbólóhùn náà nínú ìwé.

Ó ní, "Tíṣà, mo ti ń kà á láti àná. Ibo ni mo ti ṣì í pè?"

Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Mo ní, "O kò ṣì í pè. Bí mo ṣe kọ́ ọ gan-an lo ṣe pè é."

"Kí ló wá dé tí uṣẹ́ fi bọ́?"

Mo jókòó tì í lórí ẹní. Mo ṣàlàyé fún un pé èmi ni mo jẹ̀bi. Mo ní bí a bá pe ara wa wá jẹun níhìn-ín, ẹni tí a pè mọ ohun tó máa fi dáhùn. Ṣùgbọ́n òyìnbó ò mọ̀ ọ́n, bó bá ti gbọ́ ọ ní èdè rẹ̀, á rò pé tọkàntọkàn lo fi pè é ni, ó sì yẹ kí n ti sọ èyí fún ọ kí n tó kọ ọ́ sára pátákó.

Ó gbé ojú sókè kúrò lórí ẹ̀wà. Ó ní, "Tíṣà, ṣé tọkàntọkàn kọ́ ni mo fi pè é ni?"

Mo tún wo gbólóhùn náà nínú ìwé rẹ̀.

Ó ní, "Uyán náà ò tó, òótọ́ ni. Inú mi tilẹ̀ ń sọ pé kó máa lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ ni mo ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, gbogbo ọjọ́ ni mo ń rí i tó ń dá jẹun. Nígbà tó jókòó, inú mi dùn." Ó padà sórí ẹ̀wà rẹ̀. Èmi náà fa àtẹ mọ́ra, a jọ ṣà á tán, n kò sì sọ gbólóhùn kan tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀. Kí n tó dìde ni mo sọ fún un pé kó múra dè mí láàárọ̀ ọ̀la.

Ní aago mẹ́jọ ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwa méjèèjì wọ òtẹ́ẹ̀lì. Mo ti ro ohun tí n ó sọ fún máníjà láti Òkè-Ìmẹ̀sí dé Erio. Ṣùgbọ́n òyìnbó náà ni a bá ní káńtà, báàgì rẹ̀ wà nílẹ̀, ọjọ́ tó ń lọ ni. Máníjà wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bó ṣe rí wa, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká wọ ọ́fíìsì."

Mo ní ibí dáa. Mo sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè gbọ́: pé èmi ni mo kọ́ obìnrin yìí ní gbólóhùn tó sọ, pé àṣà wa ni láti pe ẹni tó bá kọjá nígbà tí a ń jẹun, àṣà wa sì ni kí ẹni náà dúpẹ́ kó máa lọ, pé n kò ṣàlàyé rẹ̀ fún un nítorí pé mò ń kánjú wọkọ̀, àti pé bí ẹnikẹ́ni bá máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀, èmi ni. Láti ìgbà tí mo ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, n kò tíì fi jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rí.

Òyìnbó gbọ́ ọ tán, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó béèrè lọ́wọ́ máníjà bóyá nítorí òun ni wọ́n ṣe lé ìyá yìí. Máníjà wolẹ̀. Bàbá náà ní òun ò mọ̀ pé kò yẹ kí òun jókòó. Ó ní ọjọ́ kejìlá rèé tí òun ti wà níhìn-ín, gbogbo èèyàn ń kí òun dáadáa, ṣùgbọ́n ìyá yìí nìkan ló pe òun. Ó yíjú sí Ìyá Bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, ó ní òun jẹ oúnjẹ wọn, òun tún gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ṣí ẹnu láti dá a lóhùn fún un. Ìyá Bẹ́ẹ̀dì fọwọ́ tọ́ mi.

Ó ní, "No sorry, sir. I call you. You answer me. I happy."

Àṣìṣe wà níbẹ̀ o, mo gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọ̀kankan nínú rẹ̀ tí mo kọ́ ọ. Òyìnbó béèrè bóyá òun á tún bá a níbí nígbà tí òun bá padà wá lẹ́yìn òjò. Ìyá Bẹ́ẹ̀dì ò gbé ojú kúrò lójú bàbá náà, ó ní bí wọ́n bá jẹ́ kí òun dúró, òun á wà, ṣùgbọ́n kó tètè sọ, kí òun lè gún iyán kó pọ̀. Ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ń fi ọwọ́ fi bí odó ṣe tóbi tó hàn. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di káńtà mú.

Mo wo máníjà. Mo ní, "Ẹ ní ẹ ó mú wọn síwájú àlejò ní òpin oṣù mẹ́ta. Àlejò rèé."

Ó tú táì rẹ̀ díẹ̀ lọ́rùn, ó wo ìyá náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i, ó sì na ọwọ́ sẹ́yìn, ó já ìdì kọ́kọ́rọ́ kan kúrò lára ògiri. Ó ní yàrá kẹfà àti ìkeje kò tíì ní aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní kó jọ̀ọ́. N kò gbọ́ ọ kó sọ bẹ́ẹ̀ fún òṣìṣẹ́ kankan rí.

Ìyá Bẹ́ẹ̀dì gba kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó dì mí lápá, ó fún un pọ̀ títí ó fi dùn mí, ó sì gba ọ̀nà àtẹ̀gùn lọ, ó ń fa orúnkún. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí mo gbọ́ tí àlejò kan béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ lókè, tí òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn, kò kánjú, ohùn rẹ̀ lọ sókè dáadáa. Mo jáde sínú oòrùn, n kò dúró gbọ́ bóyá ó sọ ọ́ re.